Ìyá Gwakisa àti Òkú Yàrá Kẹsàn-án

Ní oko tíì tó wà nísàlẹ̀ òkè Rungwe, kò sí ẹni tí kò mọ Subilaga, aya Alàgbà Asegelile. Ìyá Gwakisa ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Kí oòrùn tó ráyè yọ nínú ìkùukùu, yóò ti já ewé kún apẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n títí ó fi di ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, kò mọ̀wé kà.

Èmi ni tíṣà rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo àgbàlagbà lọ kọ́ ìwé kíkà. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti wọn ewé tán, a ó jókòó sábẹ́ páànù ilé òṣùwọ̀n. Ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí wa ń sọ nípa ajílẹ̀, nípa omi sísè, àti bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá. Ìwé tó dára ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sáré kúrò lóko kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá parí sí. Ẹ̀yìn ni Ìyá Gwakisa máa ń jókòó sí, á máa tòògbé. Ó lo oṣù mẹ́jọ gbáko, síbẹ̀ kò dá "m" mọ̀ yàtọ̀ sí "n".

Èmi náà ní àṣírí. Lówùúrọ̀, nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, èmi ni mo máa ń gba àwọn ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí màá sì bá wọn wí pé ìwé játijàti ló ń ba ọpọlọ jẹ́. Bí mo bá dé ilé, màá ti ilẹ̀kùn, màá sì kà wọ́n tán pátá. Ojú máa ń tì mí. Mo ti pinnu pé n ó jáwọ́, bóyá ìgbà ogún.

Lọ́jọ́ kan òjò dá kíláàsì dúró. Mo jókòó lábẹ́ páànù, mo ń ka ọ̀kan tí mo fi bébà ìròyìn bò, n kò sì mọ̀ pé Ìyá Gwakisa ti yọ sí mi lẹ́yìn.

"Tíṣà, kí lò ń kà tó ò ń jẹ èékánná báyìí?"

Mo yára ti ìwé náà bọ abẹ́ rẹ́jísítà. "Ìwé òfin ni, Ìyá."

Ó nawọ́ fà á jáde, ó sì ṣí bébà náà kúrò lójú rẹ̀. "Òfin wo ló dé fìlà, tó tún mú ìbọn lọ́wọ́ báyìí?"

Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Òjò yìí ò ní dá bọ̀rọ̀. Kà á sí mi létí."

Mo kà á. Wọ́n rí oníṣòwò wúrà kan tó kú sí yàrá kẹsàn-án nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dar es Salaam, ilẹ̀kùn sì wà ní títì láti inú. Ìyá Gwakisa ò tòògbé. Nígbà tí mo ka orí kejì tán, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Kì í ṣe ìyàwó rẹ̀ ló pa á."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ti ń sunkún kí wọ́n tó sọ fún un tán. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán ná. Dókítà tó wá wo òkú yẹn ni èmi fura sí."

Láti ọjọ́ náà, bí kíláàsì bá ti tú, a ó ka orí kan. A ka orí karùn-ún tán ni lẹ́tà dé pé kí n lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Mbeya.

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀ fún mi," ni Ìyá Gwakisa wí.

"Ta ni yóò kà á fún yín?"

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè ìyẹn?"

Ó bọ́ èèpo ìwé orin rẹ̀ àtijọ́, ó fi wọ ìwé náà. Àárín tíì ló ti ń kà á, nígbà ìsinmi, ìka rẹ̀ á máa tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, yóò dà á kọ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò gbé e lọ bá ọkọ rẹ̀ nílé. Inú Alàgbà Asegelile dùn débi pé ó ń sọ ọ́ káàkiri. Ó rò pé orin ìsìn ni ìyàwó òun ń kọ́.

"Bàbá Gwakisa, kí ni wọ́n kọ síbí yìí?"

"Ìbọn ìléwọ́." Alàgbà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Inú orin wo lèyí wà?"

"Orin àwọn ọmọ ogun Kristi ni."

Nígbà tí mo padà dé, orí mẹ́tàlá ló ti kà nínú mẹ́rìnlá, "m" àti "n" sì ti yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń já ewé nítòsí rẹ̀ kì í fẹ́ lọ sílé mọ́ láìgbọ́ ibi tí ìtàn dé. Àwọn náà ló sì tú u fó. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú wọn ké sí i níwájú ọkọ rẹ̀: "Ìyá Gwakisa, ṣé wọ́n ti mú dókítà yẹn?"

Alàgbà béèrè pé dókítà wo. Ó gba ìwé orin lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ṣí i.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Ìyá Gwakisa síwájú pásítọ̀ àti àwọn alàgbà márùn-ún. Èmi ni akọ̀wé ìpàdé. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ìwé mi sì wà lórí tábìlì pásítọ̀.

"Ta ló fún ọ ní ìwé yìí?" ni pásítọ̀ bi í.

Ìyá Gwakisa wo ojú fèrèsé. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, Pásítọ̀. Èmi ni mo kà á."

"Ǹjẹ́ o ronú pìwà dà?"

"Mo parọ́ fún ọkọ mi, mo sì fi èèpo ìwé orin bo ohun tí kì í ṣe orin. Ìyẹn dùn mí gan-an, mo bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mo kábàámọ̀ pé mo kàwé, irọ́ kejì nìyẹn."

Alàgbà tó dàgbà jù láàrin wọn, tí ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó ń já tíì, wúkọ́. "Ǹjẹ́... dókítà náà ni lóòótọ́?"

"Alàgbà!" ni pásítọ̀ jágbe.

"Mi ò tíì débẹ̀, Bàbá," ni Ìyá Gwakisa wí. "Ó ku orí kan."

Wọ́n ní kó má jẹ Oúnjẹ Olúwa fún oṣù mẹ́ta, kó sì máa jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn. Pásítọ̀ dáná sun ìwé náà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, n kò sọ ohun kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹta, nígbà ìkéde, mo dìde. Mo ní èmi ni mo ni ìwé náà, mo ní mo ní ọgbọ̀n irú rẹ̀ nílé, èmi tí mo ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní kí èmi náà bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mi sì kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí mi lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Gwakisa sún fún mi lórí bẹ́ńṣì. "Ó pẹ́ kí o tó dé," ló wí.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o mọ bí ìwé yẹn ṣe parí?"

"Mo mọ̀."

"Bí o bá sọ ọ́ fún mi, màá gbá ọ létí nínú ilé Olúwa níbí."

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, tó jẹ Oúnjẹ Olúwa tán lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mbeya ní Mọ́ńdè, òun nìkan. Kò dé ibẹ̀ rí. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní kedere pé ìwé lòun ń lọ rà, ìwé apànìyàn. Alàgbà sin ín dé ojú títì. Nítòsí ibùdókọ̀, ọkùnrin kan pàtẹ ìwé sílẹ̀ lórí ọ̀rá.

"Mama, Bíbélì wà lápá ọ̀tún," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo ní ọ̀kan nílé. Ibi tí àwọn tó mú ìbọn wà ni kí o fi hàn mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka àkọlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sókè. Irú èyí tí pásítọ̀ sun wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó jókòó sórí àpò ọ̀dùnkún kan, ó ka orí kẹrìnlá níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ fi í sílẹ̀ lọ, kò mọ̀.

Ó ń bínú nígbà tó sọ ọ́ fún mi. "Obìnrin tó ń gbá yàrá ni, Tíṣà! Ó wà ní gbogbo orí, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, èmi ò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí àwọn ọ̀gá oko máa ń kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára igi!"

Lọ́dún náà ó yege ìdánwò ìwé kíkà ti àwọn àgbàlagbà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀gá oko fún un ní kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ilé òṣùwọ̀n, ó sì ń yá àwọn obìnrin ní ìwé níbẹ̀, ti ajílẹ̀ pẹ̀lú ti apànìyàn. Ẹni tó bá sọ ìparí ìtàn fún ẹlòmíràn kò ní yá ìwé fún oṣù kan.

Mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá. Ojú Alàgbà Asegelile ti di bàìbàì, kò lè kàwé mọ́, nítorí náà ìyàwó rẹ̀ ló ń kà fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Sáàmù kan ló kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé apànìyàn kan. Alàgbà sọ fún mi pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú ìwé burúkú wọ̀nyí, pé ẹni tó ń kọ wọ́n ń fi àkókò ṣòfò ni. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Gwakisa, ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti ń gun àtẹ̀gùn ni o dé. Máa kà á lọ."