Sódà Tí Hester Blamire Fún Ajá Rẹ̀

Ọwọ́ Hester Blamire máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà tó wà lọ́mọge, ọkùnrin kan tó wá ra àgùntàn fọwọ́ kàn án nídìí lẹ́yìn ọgbà. Garawa ló fi dá a lóhùn. Imú ọkùnrin náà wọ́ síbi kan títí wọ́n fi sin ín. Jonty tó pàpà fẹ́ ẹ sọ pé nínú gbogbo Uldrigg, òun nìkan ló lè gba ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kóun má ṣubú. Wọ́n jà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ sin àgùntàn. Ó pẹ́ kí ògiri òkúta kan tí òjò ti jẹ nídìí tó wó lé Jonty lórí. Hester fọwọ́ ara rẹ̀ kó òkúta kúrò lára ọkọ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ẹ̀mí ò sí níbẹ̀ mọ́, ó tún ògiri náà mọ kó tó lọ pe àwọn ènìyàn. Bí kò bá mọ ọ́n, àgùntàn ìbá gba ibẹ̀ jáde.

Oko náà kì í ṣe tirẹ̀. Onílẹ̀ ló nilẹ̀, òun náà ló ni agbo. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè: bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, kí agbo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní pípé. Òkè ọ̀hún ò lọ́gbà. Kùrukùru a bò ó láàárọ̀, òjò a gbà á lọ́wọ́ kùrukùru. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó lè da àgùntàn níbẹ̀. Ajá ló ń dà á. Ti Hester ń jẹ́ Nip, dúdú àti funfun, etí rẹ̀ kan ti ya. Bí Nip bá wà, Hester wà lóko. Bí Nip ò bá sí, ó di ilé àbúrò rẹ̀ nígboro, kó lọ máa bá wọn fọ aṣọ ibùsùn ilé ìtura. Òun fúnra rẹ̀ ní òun á kúkú kú.

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Èbìbí, ìjọ Uldrigg máa ń gbé oúnjẹ lọ jẹ létí odò, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Òjò kì í dá a dúró. Wọ́n á tẹ́ aṣọ funfun sórí koríko tó ti mu omi yó, wọ́n á ṣí agbòjò, wọ́n á jókòó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé ká máa lọ sílé, wọ́n á máa fi ṣẹ̀sín di ọdún tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ àgùntàn kan kú mọ́ ìyá rẹ̀ nídìí. Òmíràn sì wà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Hester ṣe ohun tí gbogbo wọn máa ń ṣe. Ó bó awọ òkú ọmọ náà, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn bí ẹ̀wù. Ìyá gbóòórùn ọmọ rẹ̀ lára ọmọ ẹlòmíràn, ó dúró, ó fún un lọ́mú. Hester ju ìyókù òkú náà, orí àti ẹsẹ̀ tí irun ṣì wà lára wọn, sẹ́yìn ògiri. Kéèkì ìjọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń pẹ́. Ó ní kí Nip dúró sílé. Kò so ó.

Létí odò, òjò ń rọ̀ sínú oúnjẹ.

"Bọ́tà ti domi," Ìyá Dinah Tolson wí. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló ń ṣàkóso kẹ́tùlù.

"Ẹ fi po tíì, Ìyá Dinah," Hester fèsì.

Pásítọ̀ Penrice ò tíì pẹ́ ní Uldrigg. Ìlú ńlá ló ti wá. Ó gbọn omi kúrò lórí fìlà rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ ò rò pé ó yẹ ká..."

"A ò rò ó, Pásítọ̀," Ìyá Dinah wí. "Ẹ jẹ ẹyin yín."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni Nip ti dé, ó tutù wìnnì, ó ń jùrù. Ó wá dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Hester. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Hester rántí òkú ẹ̀yìn ògiri, ó já koríko, ó nù ún. Ìyá Dinah rí i.

Kò pẹ́ tí Isaac Fearon sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè. Ẹlẹ́gbẹ́ Hester ni, oko wọn pààlà. Ìbọn wà lábíyá rẹ̀, àgùntàn wà lọ́rùn rẹ̀ bí ìborùn. Ó dé ibi aṣọ funfun, ó sọ àgùntàn náà sílẹ̀ gbì. Kẹ́tùlù dojú dé, búrẹ́dì fò. Ọ̀nà ọ̀fun àgùntàn náà ti ya, egungun ọrùn hàn síta. Ọ̀dà pupa tó jẹ́ àmì ilé Fearon wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Méjì míì wà lókè," Isaac wí. "Èyí ni mo lè gbé. Ọ̀kan ṣì ń mí nígbà tí mo débẹ̀, ìfun ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo fọ́ ọ lórí. Mo rí ajá dúdú-funfun tó sá wọ kùrukùru."

Pásítọ̀ dìde. "Ọ̀gbẹ́ni Fearon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ mu tíì díẹ̀."

"Ẹ ṣé, Pásítọ̀. Ẹ jẹ́ n yìnbọn ná."

"Isaac," Hester wí, "gbé òkú ẹ kúrò lórí kéèkì mi."

"Kúrò nídìí ajá yẹn, Hester."

"Ajá dúdú-funfun! Ajá wo lo mọ̀ lórí òkè yìí tí kì í ṣe dúdú-funfun? Ìwọ gan-an, bí òjò bá pa ọ́ pẹ́, àwọ̀ ẹ nìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀."

"Òkú ọmọ tí mo bó láàárọ̀ ló jẹ."

"Ta ló rí i?"

"Èmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olè ti fi ara ẹ̀ ṣẹlẹ́rìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì délẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ́ fi bà á lẹ́nu. Isaac tẹ̀ sẹ́yìn, ó tutọ́ eyín sílẹ̀, ó sì fi ìdí ìbọn gbá Hester lójú. Isaac kì í ṣe ẹni tó ń wojú obìnrin tó bá ti gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. Hester di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó fi orí kàn án nímú, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ Isaac sórí koríko. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri gba orí kéèkì, wọ́n ré sínú odò. Nínú omi, Hester tẹ orí rẹ̀ rì. Isaac yọ jáde, ó bù ú jẹ léjìká, kò sì fi í sílẹ̀ títí tí ẹ̀jẹ̀ fi wá. Hester fi òkúta lù ú níhà. Àwọn ará ìjọ gbé agbòjò wọn sẹ́yìn díẹ̀ kí omi má bàa ta sí wọn lára. Ìyá Dinah gbé kẹ́tùlù nàró, ó wò ó bóyá ó ti fọ́.

Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì, tí wọ́n di ara wọn mú bí ẹni ń jó, Ìyá Dinah wí pé, "Ó tó. Sódà."

Bí wọ́n ṣe ń dá irú ẹjọ́ yẹn ní Uldrigg nìyẹn láti ayé bàbá wọn. Ajá tí wọ́n bá fura sí, olówó rẹ̀ á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní sódà ìfọṣọ gbé mì, ajá á bì, gbogbo ojú á rí ohun tó jẹ. Bí irun àgùntàn bá jáde, ó parí, olówó rẹ̀ náà ló máa yìnbọn fún un. Olówó ajá tó bá kọ̀, wọ́n á kà á sí pé ó ti jẹ́wọ́.

Ilé Ìyá Dinah ò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n lọ gbé sódà wá. Hester la ẹnu Nip, ó ju èkúfọ́ sódà sí i lọ́nà ọ̀fun, ó di ẹnu rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ kan ti wú, kò fi í ríran mọ́. Nip ń wò ó, kò jà. Òjò ń rọ̀. Ẹnì kan nawọ́ bísíkíìtì yí ká.

Nip bì. Ẹran ló kọ́kọ́ jáde, irun sì tẹ̀ lé e. Isaac gbé ìbọn sókè.

"Dúró," Ìyá Dinah wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu agbòjò tú u. "Dúdú ni."

Àgùntàn ìhà ibẹ̀, dúdú ni wọ́n ń bí wọn. Bí wọ́n bá dàgbà ni wọ́n máa ń rí bí eérú. Irun ọmọ tuntun ló wà nílẹ̀ yẹn. Ti Isaac tó kú, ìyá àgùntàn ni wọ́n, eléérú.

Isaac sọ ìbọn kalẹ̀. Ó nu ẹnu rẹ̀. "Má bínú, Hester," ó wí, kò gbé ohùn sókè.

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, Nip ìbá bá a lọ sílé. Wọ́n ti ń rọ tíì. Pásítọ̀ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí Hester lójú, ojú gbogbo ìjọ sì ni wọ́n ti pè é lólè.

"Mi ò gbọ́," ó wí.

"Mo ní má bínú."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Hester, ọmọ mi, tíì ẹ ń tutù," Ìyá Dinah wí. Ara ajá ló ń wò.

"Kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, Ìyá Dinah. Ẹ ò rí ojú ẹ̀? Ó ń ronú pé nǹkan ṣì kù nínú ajá mi. Ẹ gbé sódà wá."

"Mi ò béèrè ìyẹn," Isaac wí.

"Èmi ló béèrè. Wàá rí ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀ lónìí, wàá sì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yìí bẹ̀ mí."

"Ọmọ mi, ó ti tó."

"Mo ní ẹ gbé e wá!"

Ó fún Nip lẹ́ẹ̀kan sí i. Nip pẹ́ kó tó bì. Ó ń wárìrì, ó ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pọ̀ ọ́. Irun ni, ó gùn, ó rí bí eérú. Ọ̀dà pupa wà létí rẹ̀.

Ìyá Dinah sún síwájú kí etí yẹ̀rì rẹ̀ lè bò ó. Isaac yíjú sí ọ̀dọ̀ àpáta.

"Mi ò rí i dáadáa," ó wí. "Òjò wà lójú mi."

"O rí i," Hester wí.

"Hester, mo ní òjò..."

"O rí i, Isaac. Gbé ìbọn wá."

Olówó ajá ló ń ṣe é. Ó pe Nip lọ sẹ́yìn àpáta. Nip bá a lọ nítorí pé ó pè é. Ojú kan ṣoṣo ni Hester fi ń ríran. Ọta àkọ́kọ́ bá èjìká. Igbe tí ajá náà ké, àwọn ọmọdé fi ọwọ́ di etí. Kò sá lọ. Ọ̀dọ̀ Hester ló ń wọ́ bọ̀, ẹsẹ̀ kan ń já jòlà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lá bàtà rẹ̀. Hester gbé ẹnu ìbọn lé e lórí, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ó padà, ó dá ìbọn padà fún Isaac. Ó jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀ àti létí yẹ̀rì rẹ̀. Ìyá Dinah bu tíì fún un, ó mu ún. Ó jẹ búrẹ́dì ẹyin kan. Wọ́n kọ orin ìparí. Kò sẹ́ni tó lọ sílé ṣáájú àkókò.

Ìgbà ìwọ́wé dé. Hester gun òkè pẹ̀lú ọ̀pá àti ìfé. Ó súfèé títí ètè rẹ̀ fi bó. Àwọn àgùntàn wò ó, wọ́n ń jẹ koríko wọn lọ. Ó sáré lé wọn gba inú àbàtà, ó ṣubú, egungun ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́. Ó fi gèlè so ó, ó tún gòkè. Ìránṣẹ́ onílẹ̀ ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá wo agbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ìránṣẹ́ náà dé, ó rí Isaac nínú kùrukùru pẹ̀lú ajá méjì. Hester ò ránṣẹ́ pè é.

"Padà sílé ẹ!" Hester pariwo.

Isaac ń bọ̀. Hester mú òkúta, ó sọ ọ́. Ó bà á léjìká. Ó mú òmíràn, ó gba etí rẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ jáde. Isaac súfèé sí àwọn ajá rẹ̀, wọ́n ya sọ́tùn-ún, wọ́n ya sósì, àgùntàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí omi. Títí wọ́n fi dé ẹnu ọgbà ni Hester ń sọ̀kò, tó ń gbé e ṣépè. Gbogbo agbo wọlé.

"O ti parí?" Isaac bi í. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lọ́rùn.

"Ọwọ́ kan ni mò ń lò. Bó bá jẹ́ méjì ni, ò bá ti kú."

"Mo mọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ ti ajá tó kéré síwájú. "Mú abo yìí."

"Mi ò tọrọ ajá."

"Mi ò fún ẹ. Ó máa ń bá tèmi jà ni, ariwo wọn ò jẹ́ n sùn. Bó bá wù ẹ́, yìnbọn fún un."

Hester gbá a létí, etí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an. Isaac dúró gbà á. Lẹ́yìn náà ló pe ajá rẹ̀ kan tó kù, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ nínú òjò. Abo ajá náà dìde láti tẹ̀ lé wọn, ó wo Hester, ó tún jókòó.

Ìránṣẹ́ onílẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, ó bá agbo ní pípé, ó ní ojú ọjọ́ dára. Hester pẹ́ lóko náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí ọjọ́ ogbó. Kò fún ajá yẹn lórúkọ. "Ìwọ" ló ń pè é. Bó bá ti pe "Ìwọ," ajá náà á wá.