Bíréènì Tí Kò Létí

Elétí ni wọ́n ń pè é, kì í sì ṣe nítorí pé etí rẹ̀ tóbi. Ogójì ọdún ló ti fi ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sì sí kabúrétọ̀ tó lè parọ́ fún un. Yóò fi èèkù súkúrúdíráfà gígùn kan ti etí, yóò fi ṣóńṣó irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì, yóò sì dijú. "Púlọ́ọ̀gì kẹta ni," ni yóò wí. Wọn á tú u wò, púlọ́ọ̀gì kẹta náà ni. Ọkọ̀ tó bá ti sú àwọn mẹkáníìkì yòókù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tì í wá.

Ohun tó rò pé òun nìkan ló mọ̀ ni pé etí náà ti ń kú. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún sì ń múra àtitẹ̀lé e. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ kan náà padà wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀. Elétí tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí kò bá ti sẹ́ni nítòsí, eyín ló ń fi di èèkù súkúrúdíráfà mú, kí ìró ẹ́ńjìnì lè gba egungun àgbọ̀n wọ orí. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Orúkọ wo ni wọn yóò máa pe Elétí tó bá di adití?

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ọkùnrin tó ti ń bú ọkọ̀ oní-bíréènì, èyí tí kọ̀ǹpútà kékeré ń darí ẹ́ńjìnì rẹ̀, láti ọjọ́ tí irú rẹ̀ ti dé, sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé òun fẹ́ yọ kabúrétọ̀ kúrò, kí òun fi bíréènì sí ọkọ̀ àtijọ́ tòun, èyí tó ju ọmọ náà gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọmọ náà ń ṣe. Ó kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ yá.

"Bàámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ọkọ̀ tó bá ní bíréènì kì í ní làákàyè?"

"Èmi náà ni mo sọ ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ń gbọ́ ni."

Iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n ki pọ́ǹpù tuntun tó lágbára bọ inú rẹ̀, wọ́n sì fa páìpù kejì láti iwájú wá sẹ́yìn kí epo tó bá ṣẹ́kù lè rọ́nà padà sílé. Níbi tí kabúrétọ̀ ti jókòó láti ọdún gbọọrọ, wọ́n de ibi tuntun tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé, pẹ̀lú nọ́sù mẹ́rin tí ń fín epo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìbéèrè Elétí kò tán. Ta ló ń sọ fún nọ́sù pé ó yá? Ta ló ń sọ fún bíréènì pé ẹ́ńjìnì ti gbóná? Nígbà tó rí sẹ́ńsọ̀ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ dè mọ́ páìpù sàlẹ́ńsà, ó gbà á, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"Ṣé etí rẹ̀ nìyí?"

"Rárá o, bàámi. Imú rẹ̀ nìyẹn. Ó ń gbóòórùn èéfín, kó lè mọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré."

"Etí rẹ̀ wá dà?"

"Èyí tá a rà yìí ò ní."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Elétí. Ohun tí kò létí fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí òun fi etí ṣe fún ogójì ọdún. Ó ní kọ́mọ náà tún un sọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n parí, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ náà sì jí, láìfa ṣóòkù bíi ti ayé kabúrétọ̀, láìbẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wọlé lọ mu omi. Ó ku Elétí àti ẹ́ńjìnì, ó sì ń ṣe é bíi pé òun ń gbọ́ ọ tó ń kọsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàṣẹ lọ́wọ́ orí. Ó mú súkúrúdíráfà, ó yí súkúrù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún kabúrétọ̀.

Ló bá di wàhálà. Ẹ́ńjìnì ń ké sókè, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń ké sókè. Bíréènì ń fà á wálẹ̀, súkúrù ń tì í sókè. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọkùn, ara ò rọ adìẹ. Odidi ọjọ́ mẹ́ta lọmọ náà fi wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jò. Ó tú páìpù, ó pààrọ̀ wáyà, ó tún sẹ́ńsọ̀ dè. Elétí ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un, kò sì lè la ẹnu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́: òun gan-an ló máa ń pa òwe yìí fún oníbàárà tí kì í jẹ́wọ́ ohun tó ṣe fún ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó rí ọmọ náà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń fi apá aṣọ nu ojú. Àánú borí ìtìjú.

"Èmi ni. Èmi ni mo yí súkúrù yẹn. Mo gbọ́ ọ tó ń kọsẹ̀ ni."

Ọmọ náà kò bínú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá ohun tí bíréènì kọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà jáde. Ìlà kan ló wà níbẹ̀, ó tọ́ bí okùn bíríkìlà.

"Ẹ wò ó, bàámi. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án nìyí. Kò kọsẹ̀."

Elétí wo ìlà náà pẹ́. Kò sí ẹni tó lè bá ìlà jiyàn.

"Etí mi ti ń lọ," ló wí. "Ti òsì ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ọmọ náà mú súkúrúdíráfà nílẹ̀, ó yí èèkù onígi rẹ̀ sí i. Ojú eyín wà lára igi náà, lókè àti nísàlẹ̀. "Mo kọ́kọ́ rò pé eku ni. Ó ti tó oṣù méjì, bàámi. Ẹ ò rí i pé apá ọ̀tún yín ni mo máa ń dúró sí?"

Elétí ronú. Nídìí táǹkì, lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀tún ni. Kódà nídìí tábìlì oúnjẹ, ọmọ náà ti gba àga ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì bá a jà. Omi gba ojú Elétí, ó sì jẹ́ kó gbà á.

Ó dá súkúrù padà sí ibi tó bá a. Kò dijú, kò tẹ́tí. Kọ̀ǹpútà ló tẹjú mọ́. Ìlà náà gbọ̀n díẹ̀, ó sì tẹ́.

"Ó ti dúró," ló wí. Òun ló kọ́kọ́ rí i. Ìbéèrè tún bẹ̀rẹ̀: bí imú yẹn bá dọ̀tí ńkọ́?

Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ padà wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́sí gba ẹnu géètì wọlé, ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti apá òsì. Elétí rí ètè rẹ̀ tó ń mì, ó yíjú sí i.

"Ẹ bọ́ sọ́tùn-ún mi kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀," ló wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ti òsì ti kú. Ẹ gbé ọkọ̀ yẹn padà wá. Ọmọ mi á bá mi gbọ́ ọ."