Ọ̀sán tí Iná Dé ní Àpápá

Títí di òní, bí wọ́n bá mú iná dé tí àdúgbò hó yèè, inú mi kì í dùn. Àwọn ọmọ mi rò pé ojú bàbá àwọn kàn le ni. Ó le lóòótọ́, àmọ́ ó nídìí.

Nígbà ìjọba ológun, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń ṣiṣẹ́ iná ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Àpápá. Páńẹ́lì, àpótí irin gíga tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ, wà níkàáwọ́ wa. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, ọ̀gá kì í jẹ́ ká pa á, iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró. Ńṣe la máa ń ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ká tó kó sípánà wọnú rẹ̀. Iná tó kàn lọ là ń ṣe bíi pé ó ti kú. Wèrè wo ló ju ìyẹn lọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, ọ̀rẹ́ mi sì ki ọwọ́ bọ páńẹ́lì. Mo ní kó dúró, kí n kọ́kọ́ lọ já suwíìṣì ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojo ni mí, pé iná yẹn ò ní í dé kó tó dalẹ́. Inú bí mi, mo gbéra lọ síbi suwíìṣì náà.

Mi ò tíì débẹ̀ tí iná fi dé, tí ariwo ayọ̀ sì sọ. Àwọn lébìrà ń pàtẹ́wọ́, àwọn dírẹ́bà tírélà ń hó ní gèètì. Inú ariwo yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kú sí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n lọ sọ fún ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, pé òun ò mọ ọ̀nà Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé wọn ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀ náà, ilẹ̀ ti ń ṣú, iná sì wà níbẹ̀. Ìyàwó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń yára kí wọ́n tó tún mú iná lọ.

“Ẹ káàbọ̀, bọ̀dá. Ọ̀rẹ́ yín dà?”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò bọ̀ lọ́nà fọ́n ká. Ìwọ̀nba tí mo sọ ti tó fún un láti mọ̀ pé ọkọ òun ti kú. Ó jókòó sílẹ̀, áyọ́ọ̀nù ṣì wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì, kò sunkún.

“Bọ̀dá, ẹ bá mi pa iná yìí.”

Suwíìṣì áyọ́ọ̀nù náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi tí iṣẹ́ iná ń bọ́, mo na ọwọ́ sí i, mi ò lè kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde wá pa á.