Ẹni Tí Wọ́n Ní Ó Kó Fáírọ́ọ̀sì Wọ Ṣọ́ọ̀bù Wa

Tí wọ́n bá ti dárúkọ fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà létí mi, ọ̀rẹ́ mi kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ọjọ́ ti pẹ́ o, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ara wa ṣì le, àwa méjèèjì la jọ ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí géètì yunifásítì nílùú Ifẹ̀. Èmi máa ń ti agboolé wa ní Òkèrèwè wá. Òun máa ń ti Sábó wá, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Màmá là ń pè é. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta, aṣọ funfun ló fi ń bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni bo ọmọ tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà wọlé bá wọn. Kí n má parọ́, Màmá le. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ kì í jẹ́ ká lọ, á ní ká jókòó, ká jẹun.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èmi máa ń gbá kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń gúnyán, á wò mí títí, á ní, "Ìwọ yìí, kí ni lẹ́tà wọ̀nyí fi ṣe ẹ́?" Ó máa ń gbé wàrà wá láti Sábó nínú abọ́ onídèérí, tí iná bá sì ti lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la máa jókòó sí, a ó máa jẹ ẹ́. Ibẹ̀ la ti ń sọ ṣọ́ọ̀bù tí àwa náà máa ṣí lọ́jọ́ kan. A tilẹ̀ ti ń jà lórí ọ̀dà tí a máa fi kùn ún. Mo ti jẹ wàrà lóríṣiríṣi láti ìgbà yẹn, kò sí èyí tó dà bí i tiẹ̀ lẹ́nu mi.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Kọ̀ǹpútà àárín nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé so mọ́. Bí o bá ti tẹ iṣẹ́ tìrẹ tán, wàá kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ dúdú tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wàá wá lọ kì í bọ kọ̀ǹpútà àárín kó lè bọ́ sórí ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń mú tiwọn wá láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, láti ọ́fíìsì, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ àti ẹni tí wọn ò mọ̀. A kì í bi dísíkẹ́ẹ̀tì léèrè ibi tó sùn. À ń kì í bọ̀ ọ́ ni.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, àsìkò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré fi prójẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀. Mo ṣí iṣẹ́ tí mo tẹ̀ lánàá, wúruwùru ni mo rí. Ọ̀rẹ́ mi ṣí tirẹ̀, kò tilẹ̀ ṣí rárá. Bàbá kan wà tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo iṣẹ́ ọdún rẹ̀ wà. Ó wọlé, a ṣàlàyé fún un pé fáírọ́ọ̀sì ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó káwọ́ lérí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá wo bàbá náà, ó bú sẹ́kún. Mi ò rí i kó sunkún rí.

Ó ní, "Ta ló kó àrùn yìí wọlé fún mi?"

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá."

Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Àgbàlagbà kì í máa sunkún kí ọmọ dúró máa wò ó. O máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, bóyá o mọwọ́ mẹsẹ̀ o, bóyá o ò mọ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, tí bàbá mi bá ń bínú sí ewúrẹ́, àwa ọmọ la máa ń bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Màmá ì bá fà á dìde. Àmọ́ bàbá tó jókòó sílẹ̀ yẹn nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti jẹ́wọ́."

Màmá yíjú sí i. "Ṣé ìwọ ni?"

"Ẹ ṣáà má bínú, mà." Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ló fẹ́ bá àgbàlagbà tó ń sunkún jiyàn?

Èmi náà kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Màmá, gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń gba kọ̀ǹpútà àárín kọjá. Tiwa, ti àwọn oníbàárà, tiyín náà. Báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó kó o wá?"

Màmá ní kí n yé gbèjà ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi máa lọ sílé, kó má padà wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún gbogbo oore, ó sì jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹnjiníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dé. Ó yẹ gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí fáírọ́ọ̀sì ò sí nínú ẹ̀, àti ti bàbá tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé yẹn pàápàá. Màmá tún béèrè pé ta ló kó o wá. Ẹnjiníà ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan, tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ẹ ò lè rí onítọ̀hún mú. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ máa yẹ dísíkẹ́ẹ̀tì wò kó tó wọlé, kí ẹ sì máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ pamọ́ síbòmíràn. Ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Màmá ò ní. Inú bí mi, ó ń bí mi di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ẹni tó ṣe fáírọ́ọ̀sì ló jẹ̀bi, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àwa tó kù, gbogbo wa la jọ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún un. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ru ẹrù náà lọ sílé?

Màmá fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ sí Sábó, ká lọ bẹ̀ ẹ́. A bá ìyá ọ̀rẹ́ mi láàárín àwọn àpò ẹ̀wà, ó kí wa dáadáa, ó ní ọmọ òun ti wọkọ̀ lọ bá àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ní Òkè Ọya. Màmá, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó fiyè dénú, pé òun ṣi ọmọ náà dá lẹ́jọ́.

Ojú ìyá náà dàrú. Ó ní, "Kí lẹ ń bẹ̀ mí sí? Ó ti sọ fún mi pé òun lòun ba iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ó ní òun rò ó, òun rò ó, ó ní láti jẹ́ dísíkẹ́ẹ̀tì kan tí òun gbà lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì òun àtijọ́. Kò jẹun. Ó ní wàlláhì, ọwọ́ òun ò ní kan kọ̀ǹpútà mọ́ láyé òun."

Kò sí fóònù níbi tó lọ. A rán àwọn awakọ̀ níṣẹ́ sí i, kò sí èsì tó padà dé. Nígbà tó yá, ìyá náà kó kúrò ní Sábó, mi ò sì mọ ẹni tí mo tún lè bi léèrè. Ó wù mí kí n rí i, kí n kàn sọ fún un pé a ò mọ ẹni tó kó o wá, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ láé. Níbikíbi tó bá wà lónìí, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa rò pé òun ni.