Iná Ewan

Bethoc kì í jẹ́ kí iná kú. Ohun tí gbogbo àfonífojì wa mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Ewan ọkọ rẹ̀ ló dá iná náà lọ́jọ́ tó gbé e wọlé. Kò pẹ́, ọba ilẹ̀ Skọ́tí pe àwọn ọkùnrin sógun. Ewan mú ọ̀kọ̀, ó lọ. Àwọn tí wọ́n jọ lọ padà. Òun kò padà. Kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀.

Lálaalẹ́, obìnrin náà a fi eérú bo ẹyín iná. Láàárọ̀, a ki ẹrẹ̀ àbàtà gbígbẹ tí a fi ń dáná bọ̀ ọ́, a fẹ́ ẹ títí yóò fi jí. Wọ́n ní kó fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní, "Tó bá dé, tó bá ilé ní tútù ńkọ́?" Irun rẹ̀ di funfun lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àrùn wá wọ àárín màlúù wa. A ṣe ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe: gbogbo ilé pa iná, àwa ọkùnrin gun òkè lọ fi okùn yí igi nínú igi, kí iná tuntun jáde, kí a da màlúù gba inú èéfín rẹ̀. Tí iná àtijọ́ bá ṣẹ́kù nílé kan ṣoṣo, tuntun kò ní í jáde. A yí igi títí ọwọ́ wa fi bó. Iná kò jáde.

Dugald, ọ̀kan nínú àwọn tó padà lójú ogun, ju okùn sílẹ̀. "Ẹ má wulẹ̀ pa ara yín. Ẹ wo òrùlé ìyàwó Ewan."

Èéfín ń rú níbẹ̀. A sọ̀kalẹ̀ lọ bá a.

"Ìyàwó Ewan, ṣé o ò gbọ́ ìkéde ni?" Dugald bi í.

"Mo gbọ́. Dugald, ìwọ tó sá lójú ogun tó fi ọkọ mi síbẹ̀, ìwọ náà lo tún wá pa iná rẹ̀?"

"Mo sá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màlúù ò bá wa lọ sógun."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bethoc kò rẹ́rìn-ín. Ó wo màlúù kan ṣoṣo tó ní, tó dùbúlẹ̀ nígun ilé, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé korobá omi.

"Ẹ sún sẹ́yìn."

Òun fúnra rẹ̀ ló dà á sórí iná náà.

Nígbà tí a padà dé òkè, igi mú iná. A da gbogbo màlúù gba inú èéfín rẹ̀, ti Bethoc náà. Olúkúlùkù bu tirẹ̀ lọ sílé. Bethoc kò wá. Mo gbé díẹ̀ lọ fún un.

"Gbé e lọ," ló wí. "Kò mọ Ewan."

Ìyẹ̀fun ọkà àti omi tútù ló ń jẹ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Màlúù rẹ̀ yè.

Ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ìkòkò ló gbé dání. Mo bu ẹyín iná sí i. Ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó nítorí atẹ́gùn, ó ń lọ sílé.