Ìyàwó Mi Kò Kí Ilé Mọ́

Ìyàwó mi ní àṣà kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà rárá, á ní, "Ẹ kú ilé o." Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan nílé. Àwa méjì péré là ń gbébẹ̀, èmi náà sì lè wà lẹ́nu iṣẹ́. Fúláàtì kékeré kan ni, ní Whalley Range ní Manchester, lókè ilé ńlá àtijọ́ kan tí onílé ti gé sí wẹ́wẹ́ bí ẹran ọdún. Á kí àga, á kí ìkòkò, á kí ògiri. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń kí gan-an. Ó ní nínú agboolé àwọn ní Abẹ́òkúta, èèyàn kì í wọlé bí olè. Mo ní ilé Manchester ò gbọ́ Yorùbá. Ó ní òun máa kọ́ ọ.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà náà. Ọ̀nà Wythenshawe ni wọ́n sábà máa ń fún mi, láti àárín ìlú lọ sí pápákọ̀ òfurufú, níbi tí ìyàwó mi ti ń ṣe cleaning. Bí shift wa bá bára mu, bọ́ọ̀sì mi ló máa ń wọ̀. Á jókòó síbi tí mo ti lè rí i nínú dígí, á sì máa fojú bá mi wí bí mo bá ń bá èrò ọkọ̀ jà. Mo máa ń jà, mi ò ní parọ́. Ara mi ò gba gbẹ̀rẹ́.

Kí ọdún 2010 tó wọlé ló lóyún. Oyún náà pé oṣù, a ti ra gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ọjọ́ kan ló ní òun ò mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ ń yí nínú òun mọ́. A sáré lọ sí ọsibítù, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e níkùn, nọ́ọ̀sì tó ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ sì dákẹ́. Obìnrin ni ọmọ náà. Kò sunkún. Wọ́n ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Mo ń wá ẹni tí n ó bínú sí, mi ò rí.

Àwọn ìyá ìjọ wá kí wa. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé: "Omi ló dà nù, agbè ò fọ́." Ọmọ lọ, ìyá wà, òmíràn á dé. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, èmi náà sì ṣe àmín. Màmá mi pè láti Èkó, ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa, pé ìyá kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ó ní bó bá mọ̀ ọ́n, ọkàn rẹ̀ á máa lọ síbẹ̀ ṣáá, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ò sì ní rí àyè dúró. Pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ méjì tẹ̀ lé mi lọ sí itẹ́ òkú, a sin ín nínú òjò, a ò fi àmì kankan sí i. Ìyàwó mi wà nílé, àwọn obìnrin yí i ká. Nígbà tí mo wọlé, ó wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà mi.

Itẹ́ òkú náà, ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì mi gan-an ló wà. Lójoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ kọjá, ní àlọ àti ní àbọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ní sọ̀ níbẹ̀, mo máa ń sáré kọjá.

Ọjọ́ tí ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ti ṣáájú rẹ̀ délé. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Kò kí ilé. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kejì kò kí i, ó di ọ̀sẹ̀, ó di oṣù. Èmi tí mo ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, mo wá ń jókòó sílé bí ẹni tó ń dúró de àlejò.

Lẹ́yìn náà, orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀. Oorun ò sí, oúnjẹ ò wọlé, ó ní àyà òun ń já. Mo mú un lọ sí GP, ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Dókítà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa ń tọrọ àforíjì kó tó fọwọ́ kan èèyàn. Mo túmọ̀ àyà jíjá fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, òun gbọ́ ọ sí àìsàn inú àyà, wọ́n bá so wáyà mọ́ ìyàwó mi láyà. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ọkàn rẹ̀. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Dókítà bi mí pé kí ni mo rí tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kò kí ilé mọ́. Mo sọ ọ́ lóyìnbó, mo tún un sọ. Ó ní ṣé àwọn aládùúgbò ni kò kí mọ́ ni? Mo ní rárá, ilé ni, ilé fúnra rẹ̀. Ó ń wò mí, ojú sì tì mí. Ó kọ oògùn orí fífọ́ fún un. Nígbà tí oògùn ò ṣiṣẹ́, ó ní òun máa kọ̀wé sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀. Ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo ti sínwín ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo mọ́ ọn, mo tún bẹ̀ ẹ́. Pàbó ló já sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ bọ́ọ̀sì mi, a dé pápákọ̀, gbogbo èrò sọ̀, òun ò dìde. Mo ní iṣẹ́ ńkọ́? Ó ní òun ò rí ìdí tí òun á fi sọ̀. Ó bá mi padà sí àárín ìlú, ó tún bá mi padà wá. Nígbà tí a délé ní ìrọ̀lẹ́, mò ń fọ àwo, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọmọ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Ẹ̀rù bà mí. Mo kó gbogbo oògùn inú ilé sínú báàgì iṣẹ́ mi, títí kan ti ikọ́. Láti ọjọ́ náà, ibi tí mo bá ń lọ ni mò ń gbé wọn lọ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè ṣe.

Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní GP ló ràn wá lọ́wọ́. Ó ní apá ìyàwó mi ti gbẹ débi pé ohun tí wọ́n ń wé mọ́ ọn ń yọ̀ bọ́. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn kejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú obìnrin kan wá síbẹ̀ ni, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbọ́ ohun tó ń dun èèyàn lọ́kàn. Yàrá rẹ̀ wà láàárín ti nọ́ọ̀sì àti ti dókítà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí aláìsàn kan náà. Dókítà fúnra rẹ̀ jáde wá, ó sin ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn. Kò sí ọsibítù, kò sí pátákó tí ará ìjọ lè kà. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wá. Ó wọlé.

Ìyàwó mi ní kí n bá òun wọlé. Obìnrin náà bi í pé báwo ni. Ìyàwó mi ní, "A dúpẹ́." Ó tún bi í lọ́nà mìíràn, ìyàwó mi ní Ọlọ́run tóbi. Mo fẹ́ fọwọ́ bo ojú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún òyìnbó pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ á ṣì ní a dúpẹ́ bí wọ́n bá kí i? Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn kì í ṣe òpè. Ó ní ìyàwó mi gbọ́ òyìnbó lóòótọ́, àmọ́ bóyá inú òyìnbó kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ó ní tí a bá tún padà wá, òun máa pe ògbufọ̀ lórí fóònù, pé òfin ò gbà kí ọkọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ, fóònù wà lórí tábìlì, ohùn ògbufọ̀ náà, bàbá àgbàlagbà kan, jáde. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú fóònù. "Ẹ káàárọ̀ sà." Bàbá dáhùn, ó ní, "Ẹ̀gbá ni yín, àbí?" Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Obìnrin náà ní sùúrù, ó jẹ́ kí wọ́n kíra tán, ó wá béèrè pé nínú gbogbo nǹkan tó wà láyé, kí ni ìyàwó mi ń fẹ́ jù lọ báyìí?

Bàbá túmọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí."

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, a kì í béèrè ìyẹn. Ẹ mọ̀. Omi ló dà nù, Ọlọ́run á fi èyí tó máa dúró rọ́pò." Ó wá sọ fún obìnrin náà lóyìnbó pé ìyàwó mi ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun sì ń retí ọmọ mìíràn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní inú òun dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó tí ìyàwó mi gbọ́ tó èyí tó máa fi mọ̀ pé bàbá ò sọ ohun tí òun sọ. Kò wo fóònù. Èmi ló ń wò. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí bàbá yẹn, èmi tí mo máa ń bá èrò bọ́ọ̀sì jà nítorí pé wọ́n fi ẹsẹ̀ lé ìjókòó. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bàbá tó bí mi ì bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la ti ń fi ìfẹ́ dí ìyàwó mi lẹ́nu láti ìgbà tí ọmọ ti kú.

Mo ní, "Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn." Bàbá ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ilé." Mo ní, "Ẹ má bínú sà." Mo wá sọ ọ́ lóyìnbó, gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbé ojú kúrò lára ìyàwó mi, ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ẹnì kan wà tó mọ ibẹ̀. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Ó ní ṣé mo lè sọ ọ́? Mo ń ronú kan màmá mi, mo ń ronú kan àwọn ọmọ tí a ò tíì bí, mo sì ń wo obìnrin tó jókòó tì mí, tó ti di egungun. Kí n tó sọ ọ́, ẹlòmíràn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, àkókò wa tán, obìnrin náà ní kí a tètè padà wá.

A wọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà Wythenshawe, ẹlòmíràn ló ń wà á. Mi ò bi í pé ibo là ń lọ, òun náà ò bi mí. Bí a ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ògiri gígùn yẹn, ó ní, "Ibí ni ẹ máa ń sáré kọjá." Kò dún bí ìbéèrè. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, láti ibi tó máa ń jókòó sí nínú dígí mi. Ó na ọwọ́, ó tẹ aago, ọkọ̀ dúró.

Mo ṣáájú. Mo mọ ọ̀nà títí dé apá ibi tí wọ́n ń sin àwọn ọmọdé sí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ọjọ́ tí a sin ín, òjò ń rọ̀, orí mi wà nílẹ̀, bàtà pásítọ̀ nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Àwọn ẹlòmíràn ti kó ọmọláńgidi àti òdòdó sórí ti ọmọ wọn. Tiwa ò ní nǹkan kan, koríko ti bo ilẹ̀, koríko náà ò sì yàtọ̀ síra. Mo lọ síwájú, mo padà, mo tún lọ. Mo ní bóyá ọ̀hún ni. Mo ní rárá, bóyá ìhín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú òjò ọjọ́ yẹn, mo bú ara mi.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti tó."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dúró láàárín gbogbo oórì náà, ó wò wọ́n yíká láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó wá la ẹnu.

"Ẹ kú ilé o."

Ẹni tí wọ́n bá kí bẹ́ẹ̀, "káàbọ̀" ló yẹ kó wí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, báàgì iṣẹ́ mi lọ́rùn, oògùn kún inú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ló yẹ kí n dá a lóhùn.