Ọjọ́ Ọjà Tí Kọ̀ǹpútà Ṣì Kà

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìṣirò ní gbọ̀ngàn ìlú Ayétòrò kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí n kò tilẹ̀ rántí oṣù rẹ̀ mọ́ dájú. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwa ará ìlú ní kọ̀ǹpútà ní kí èmi tí mo jáde yunifásítì ran Màmá Rísí, aláta, lọ́wọ́. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sọ ọjọ́ ọjà ọrọọrún wa. Mo ní kí ó fi márùn-ún kún ọjọ́ Ajé, tí a ná ọjà kẹ́yìn. Ó gbé Àbámẹ́ta jáde.

Màmá ní, "Jímọ̀ ni ọjà."

"Màmá, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe."

Wọ́n rọra mú báàgì wọn. "Orí mi ò gba nǹkan yìí. Mi ò ní padà wá mọ́."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó fi ìka kà á: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀. Àwa máa ń ka ọjọ́ tí a ná ọjà kẹ́yìn mọ́ ọn; kọ̀ǹpútà kì í kà á. Mẹ́rin ni ó yẹ kí n ní kí ó fi kún un.

Mo sáré bá wọn. "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo ṣì í kà."

"Yunifásítì wo lo tiẹ̀ lọ ná?"

Bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín, bóyá èmi ni mo fi ẹ̀rín kún un nínú ìrántí mi. Èyí tí ó dá mi lójú ni pé wọ́n padà jókòó, ọwọ́ wọn ni ó sì tẹ mẹ́rin náà.